Ẹ̀pẹ́ Ni, Kì í Ṣe Ẹdẹ

Ó di ọjọ́ kẹtàlélógún lónìí
tí Tàwá ti fi awò ojú mi ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì.
"Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi."
Ọjọ́ mẹ́ta náà ti bímọ,
ọmọ rẹ̀ náà ti bímọ.

Ríṣíkátù, ọmọ alájọgbé mi, ló ń bá mi ka fóònù.
Lọ́jọ́ Ajé, ẹrù wà ní Lọ́kọ́ja.
Lọ́jọ́rú, Lọ́kọ́ja náà ni.
Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n ní ó ti dé,
wọ́n ní mo ti gbà á, mo sì ti fọwọ́ sí i.
Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì.
Èmi wo ló gbà á?

Ọmọbìnrin kan tí a pè títí ló wá jẹ́wọ́:
"Ẹdẹ ni ẹrù yín wà, bàbá."
Ẹdẹ kẹ̀?
Bóyá ṣe ni wọ́n dojú àpótí náà dé.
Bí pí bá fi orí sọlẹ̀, dí ló máa ń dà.
Ẹni tó kà á gan-an ni awò náà tọ́ sí.

N kò ní purọ́, mo rẹ́rìn-ín.
Èmi Gàníyù tí wọ́n ń pè ní Baba Létà,
ọdún mọ́kànlélógún lórí kẹ̀kẹ́ ìjọba,
àpò awọ léjìká, agogo kẹ̀kẹ́ ń ké kíríríǹ
láti Òkè-Balógun dé etí ọ̀sà,
kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èjìnrìn.
Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ará ìlú
bí a ti ń mọ ohùn èèyàn lókùnkùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò rìn jìnnà.
Èjìnrìn ló gbé e lọ bá.

Ràbíátù, ìyá Bùràímọ̀.
Ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ní Pọtákọ̀.
Bí ẹsẹ̀ mi bá ti kan èbúté báyìí, á ti dìde.
Kò ní bi mí ní nǹkan kan,
á kàn máa nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró.
"Kò sí o, ìyá."
N kì í dúró kí n tó sọ ọ́.
Bí ẹni ń lé adìyẹ ni.

Lójò ọdún kan, létà rẹ̀ dé.
Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi já.
Ṣéènì kò já.
Ìsọmọlórúkọ ni mo lọ, ẹran wà,
òjò ń rọ̀, abẹ́ òrùlé dùn.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni létà náà fi sùn lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Nígbà tí mo gbé e dé, ó fi kan iwájú orí,
ó ní Ọlọ́run á máa ṣọ́ mi lójú omi.
Kò mọ̀wé. Èmi ni mo kà á fún un.
Ó kí i, ó kí àwọn àbúrò, ó ní ara òun le.
Ó ní ọkọ̀ àwọn yóò dúró ní Àpápá,
kí ìyá òun wá wo ojú òun, ó pẹ́ tán, Àlàmísì.
Àlàmísì náà ti kọjá.
Mo fo ìlà yẹn.

Lẹ́yìn ìrun àṣárì, alùpùpù dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Ọmọdékùnrin kan, ẹrẹ̀ dé orúnkún,
àpótí kékeré lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ kí òjò má pa á.
"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú.
Ṣéènì mi ló já lánàá ní Ìtóìkín."

Ríṣíkátù ní kí n tú u, kí n fi wojú.
Mo ní kó sùúrù, kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ.
Alùpùpù rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń kán omi sílẹ̀,
n kò sì fẹ́ rí ṣéènì rẹ̀.

Omi tútù ni mo ní kó bù fún un.